Àlejò Ń Náwó, Onílé Ń Dirù

Wọ́n ní àlejò ni owó. Ó dáa. Ṣùgbọ́n àpò ta ni owó náà ń wọ̀? Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kó yíjú sí Bàhíà ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, níbi tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lẹ́rú lọ láyé àtijọ́.

Àdúgbò kan wà ní ìlú Salvador níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Pelourinho. Orúkọ yẹn ò dáa létí o: òpó tí wọ́n ń so ẹrú mọ́ nà ló túmọ̀ sí. Nígbà tó yá, àwọn olówó kó kúrò níbẹ̀, ilé ńláńlá wọn ń wó, àwọn tálákà aláwọ̀ dúdú ló wá kún inú wọn. Ní 1985, UNESCO ka àdúgbò náà mọ́ ibi àjogúnbá àgbáyé. Ní 1992, ìjọba ìpínlẹ̀ Bàhíà bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe kí àlejò lè máa wá. Wọ́n kun ilé lóríṣiríṣi ọ̀dà, ó rẹwà lóòótọ́!

Àwọn tó ń gbébẹ̀ ńkọ́? Wọ́n já owó táṣẹ́rẹ́ lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lọ́wọ́, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ. Yàrá wọn di ṣọ́ọ̀bù, ó di òtẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí Michael Jackson débẹ̀ ní 1996 láti ya fíìmù orin rẹ̀ pẹ̀lú àwọn onílù Olodum, ọ̀pọ̀ wọn ti kó lọ sí àdúgbò tó jìnnà.

Ẹ tún gbọ́ ti àwọn alákàrà. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ń din àkàrà nínú epo pupa, acarajé ni wọ́n ń pè é, àlejò sì fẹ́ràn rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé 2014 ń bọ̀, òfin FIFA ò fẹ́ kí wọ́n tà nítòsí pápá. Àfìgbà tí àwọn ìyá wọ̀nyí pariwo kí wọ́n tó gba díẹ̀ nínú wọn láyè. Àbí ẹ ò rí nǹkan? Alákàrà ń bẹ̀bẹ̀ kó tó ta àkàrà nílùú ara rẹ̀!

Ọ̀rọ̀ yìí ò mọ sí Bùràsíìlì. Igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo náà ti wọ ìwé UNESCO láti 2005, èrò sì ń rọ́ wá síbi ọdún rẹ̀ lóṣù kẹjọ. Kò sẹ́ni tó ní kí àlejò má wá. Ṣùgbọ́n kí àwọn aláṣẹ ibikíbi tó fọn fèrè, kí wọ́n dáhùn ná: ta ni yóò ni ìsọ̀ ẹ̀bá ọ̀nà? Ọmọ ta ni yóò máa mú àlejò káàkiri, tí yóò sì gbowó gidi? Bí owó yàrá bá lọ sókè, níbo ni alákàrà yóò sùn?

Bí wọn ò bá rí ìdáhùn, a jẹ́ pé ọ̀bọ ni yóò máa ṣiṣẹ́, ìnàkí ni yóò máa jẹ.