Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ọkọ̀ Wo Ló Yẹ Ajá Ńlá?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Bí ẹ bá ní ajá ńlá méjì, tí ẹ sì fẹ́ ra ọkọ̀, kí ni ẹ máa kọ́kọ́ wọ̀n? Ṣé owó ọwọ́ yín ni, ṣé ọkọ̀ ni, àbí ajá? Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní owó ni. Àwọn mìíràn á ní ọkọ̀ ni. Ní tèmi o, ajá ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n. Yorùbá máa ń sọ pé, ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́. Bí eku bá ṣe tóbi tó ni ìtẹ́ rẹ̀ ṣe ń tóbi tó. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí ọ̀rọ̀ ajá àti ọkọ̀ rí.

Ẹ wo àdúgbò Thamesmead Moorings, ní apá gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Greenwich. Ilẹ̀ àbàtà ni Thamesmead tẹ́lẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960 ni ìjọba Lọ́ńdọ̀nù ìgbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìlú tuntun síbẹ̀, àwọn tó kọ́kọ́ gbé ibẹ̀ sì kó wọlé ní ọdún 1968. Lónìí, àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ níbẹ̀, Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Adágún omi wà níbẹ̀, Odò Thames wà níbẹ̀, ọgbà Birchmere náà wà níbẹ̀. Ibi tó dára fún ajá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ajá ńlá kò lè dúró sójú kan. Ó máa fẹ́ mú ajá rẹ̀ dé igbó Lesnes Abbey tàbí Oxleas. Ó máa gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó lè fẹ́ gbé e dé etí òkun ní Kent. Wọ́n máa ń gba ajá nínú bọ́ọ̀sì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ dírẹ́bà ni àṣẹ wà. Ẹ fojú inú wo ajá méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo tó kílò 40, nínú bọ́ọ̀sì tó kún fọ́fọ́ láàárọ̀. Ẹ ó rí i pé ọkọ̀ ara ẹni ló kù.

Ọ̀rọ̀ ajá àti ọkọ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ògún ni òrìṣà irin. Òun náà ni òrìṣà àwọn awakọ̀, ajá sì ni ẹran tí wọ́n fi ń bọ ọ́. Nílé, àwọn awakọ̀ kan a máa fi ajá bọ Ògún kí ọ̀nà lè dára fún wọn. Ní Thamesmead, ajá ti di èrò ọkọ̀: ó jókòó sẹ́yìn, ó ń wo ìta. Bí àwọn àgbà tó wá láti ilé bá fi èyí rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé Yorùbá kan náà ló ń sọ ajá lórúkọ tó jinlẹ̀ bí òwe. Ọ̀kan nínú irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni Ṣebíotimọ, èyí tó túmọ̀ sí pé kí ènìyàn ṣe ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹ fi orúkọ yìí sọ́kàn. A máa nílò rẹ̀ nígbà tí a bá dórí ọ̀rọ̀ owó.

Òfin ló yẹ kí a kọ́kọ́ wò. Ìwé ìlànà ìrìnnà Britain, Highway Code, sọ nínú ìlànà 57 pé ajá gbọ́dọ̀ wà ní ìdè tó yẹ nínú ọkọ̀. Ìdí ni pé kò gbọdọ̀ dá awakọ̀ láàmú, kò sì gbọdọ̀ ṣe ènìyàn tàbí ara rẹ̀ léṣe bí ọkọ̀ bá dúró lójijì. Ẹ lè lo ìgbànú àyà tí wọ́n ń so mọ́ bẹ́líìtì ọkọ̀. Ẹ lè lo àgò, tàbí kí ẹ fi àwọ̀n irin sáàárín àga ẹ̀yìn àti búùtù. Èyí kì í ṣe àṣejù òyìnbó. Bí ọkọ̀ bá ń sá eré máìlì 30 ní wákàtí kan, tó sì forí sọ nǹkan, ajá tí a kò dè yóò máa bá eré rẹ̀ lọ. Agbára tó máa fi gbá ohun tó wà níwájú rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú agbára ohun tó já bọ́ láti ibi tó ga tó mítà 9, ìyẹn òkè ilé alájà mẹ́ta. Ẹ ro ajá kílò 30 tó já bọ́ láti òkè ilé alájà mẹ́ta sórí ọmọ tó jókòó níwájú. Nítorí náà, kì í ṣe ajá nìkan ni ẹ ń wá àyè fún. Ajá pẹ̀lú àgò rẹ̀ ni.

Ó yá, ẹ mú téèpù tí àwọn télọ̀ fi ń wọn aṣọ. Ẹ jẹ́ kí ajá dúró dáadáa. Ẹ wọ̀n ọ́n láti imú dé ìdí ìrù. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé òkè orí. Ẹ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 kún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ajá gbọ́dọ̀ lè dìde dúró láìforí gbá òkè àgò. Ó gbọ́dọ̀ lè yí padà, kó sì lè na ara rẹ̀. Bí ajá bá jẹ́ méjì, ẹ wọn méjèèjì. Ẹ má sọ pé wọ́n fẹ́ràn ara wọn, pé wọ́n á fún ara wọn pọ̀. Ìfẹ́ kì í fi àyè kún búùtù. Bí ajá bá sì ṣì kéré, ẹ bèèrè bí irú rẹ̀ ṣe ń tóbi tó. Ọmọ Boerboel tó wọ inú apẹ̀rẹ̀ lónìí lè wúwo ju kílò 60 lọ nígbà tó bá dàgbà tán.

Lẹ́yìn ajá ni kí ẹ wá wọn ọkọ̀. Àwọn tó ń ta ọkọ̀ fẹ́ràn láti máa ka lítà fún ènìyàn. Wọ́n á ní Skoda Octavia ẹlẹ́yìn gígùn tuntun ní lítà 640, pé Toyota Corolla Touring Sports tó ní ẹ́ńjìnnì 1.8 ní lítà 596. Ó dára, ṣùgbọ́n ajá kì í ṣe omi. Búlọ́ọ̀kù kéékèèké ni wọ́n fi ń wọn àyè yẹn, wọ́n sì ń kó o sí gbogbo kọ̀rọ̀. Ajá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nǹkan mẹ́rin ni kí ẹ wọ̀n fúnra yín. Èkíní ni ìbú búùtù níbi tí òkè táyà ti yọ wọ inú rẹ̀. Èkejì ni gígùn ilẹ̀ búùtù. Ẹ̀kẹta ni gíga rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn bá wà ní títì, nítorí pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn àwọn ọkọ̀ kan dagun síwájú, á sì gba àyè lọ́wọ́ àgò. Ẹ̀kẹrin ni gíga láti ilẹ̀ títì dé ẹnu búùtù. Ẹ̀kẹrin yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé. Lójú tèmi, òun ló ṣe pàtàkì jù.

Ibí yìí ni èmi àti ọ̀pọ̀ ará ilé wa ti máa ń jiyàn. Àwọn ènìyàn wa fẹ́ràn jíìpù. Jíìpù ga, ó níyì, ó sì ń dán lójú òde àríyá. N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí iyì. Ṣùgbọ́n ẹnu búùtù ọ̀pọ̀ jíìpù jìnnà sílẹ̀. Ajá ńlá tó ń fò gòkè tó sì ń fò sílẹ̀ lójoojúmọ́ ń fi oríkèé rẹ̀ sanwó iyì yẹn. Àwọn ajá bíi German Shepherd àti Labrador wà lára àwọn tí àrùn ìgbáròkó àti ìgbúnwọ́ sábà máa ń dà láàmú, ó sì máa ń wà nínú ìran wọn. Tí irú ajá bẹ́ẹ̀ bá dàgbà, kò ní lè fò mọ́. Ta ni yóò wá máa gbé kílò 40 sókè nínú òjò? Wọ́n á ní, ọ̀nà burúkú ńkọ́? Lóòótọ́, jíìpù wúlò lórí ọ̀nà burúkú, àwọn tó ń gbé nílé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dà ni wọ́n dà sí Eastern Way. Láti Moorings dé Abbey Wood, kò sí ibi tí ọkọ̀ kékeré kò lè gbà.

Irú ọkọ̀ wo ni mo wá fọwọ́ sí? Fún ajá ńlá kan tàbí méjì, ọkọ̀ ẹlẹ́yìn gígùn ni, èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní wágọ̀nù. Àwọn tó dàgbà ní Nàìjíríà láyé ọjọ́sí kò lè gbàgbé Pijó 504 wágọ̀nù tó ń kó èrò láti ìlú dé ìlú. Octavia àti Corolla tí mo dárúkọ lókè jẹ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ búùtù wọn gùn, ẹnu rẹ̀ kò sì jìnnà sílẹ̀. Fún ajá mẹ́ta, tàbí fún ajá tó ga gan-an, ẹ wo Citroën Berlingo, Peugeot Rifter tàbí Vauxhall Combo Life. Ọmọ ìyá kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òrùlé wọn ga, ilẹ̀ wọn wà nísàlẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ sì ń wọ́ tuuru dípò kó ṣí síta. Wọn ò lẹ́wà púpọ̀, mo gbà. Wọ́n jọ ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó búrẹ́dì. Ajá kò mọ ìyẹn. Àbùkù wọn gidi ni pé ilẹ̀kùn búùtù wọn tóbi: bí ọkọ̀ mìíràn bá dúró mọ́ yín lẹ́yìn, ẹ kò ní rí i ṣí. Nítorí náà, ẹ yẹ ibi tí ẹ ń gbé ọkọ̀ sí wò kí ẹ tó rà á.

Ìdílé Yorùbá kì í sì í mọ sórí bàbá, ìyá àti ọmọ méjì. Ìyá àgbà wà ńlé, ọmọ ẹ̀gbọ́n náà wà ńlé. Nítorí náà, wọ́n á ní àwọn máa ra ọkọ̀ oníjókòó méje. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Bí ẹ bá gbé ìjókòó tó kẹ́yìn pátápátá dìde, búùtù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nìyẹn. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè kó ìdílé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Ó sì lè kó ajá lọ́jọ́ Sátidé, bí ẹ bá ká ìjókòó sílẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ènìyàn méje àti ajá ńlá méjì á wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà fẹ́ ta ọjà ni.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2023, ètò ULEZ tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ọkọ̀ tí èéfín wọn burú gbòòrò dé gbogbo àdúgbò Lọ́ńdọ̀nù. Thamesmead náà bọ́ sínú rẹ̀. £12.50 ni lójúmọ́. Ọkọ̀ bẹntiróòlù tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún 2006 kì í sábà san án. Ní ti dísù, àwọn tí wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2015 ló sábà máa ń bọ́. Ìdẹkùn wà níbí yìí. Wágọ̀nù dísù àtijọ́ tóbi, ó sì lè pọ́ọ́kú. Ká ní ẹ ra ọ̀kan ní £1,500, tí ẹ sì ń wà á lọ́jọ́ 5 lọ́sẹ̀. £62.50 ni ẹ máa san lọ́sẹ̀ kan. Tó bá pé ọ̀sẹ̀ 24, ẹ ti san £1,500 mìíràn. Ẹ rántí Ṣebíotimọ. Kì í ṣe pé kí ẹ ra èyí tó pọ́ọ́kú jù. Kí ẹ mọ gbogbo ohun tó máa gba owó lọ́wọ́ yín ni. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ náà wò ó lórí ìkànnì TfL. Bó bá sì jẹ́ àlòkù, ẹ mú mẹ́káníìkì dání.

Ohun kan kù tí owó kò lè rà. Àjọ RSPCA, tó ń gbèjà ẹran, máa ń kìlọ̀ pé bí ìta bá jẹ́ dígírì 22, inú ọkọ̀ lè dé 47 láàárín wákàtí kan. Ẹ má sì rò pé Britain kì í gbóná: ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2022, ooru dé dígírì 40.3 ní Coningsby. Nígbà tí ẹ bá ń dán ọkọ̀ wò, ẹ tan ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀, kí ẹ wá na ọwọ́ sínú búùtù bóyá afẹ́fẹ́ ń débẹ̀. Bí kò bá débẹ̀, ẹ wá òmíràn. Bó bá sì débẹ̀, kò ní kí ẹ fi ajá sílẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ ra ọjà. Kò sí ọkọ̀ tó dára tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á ní ajá lásán ni, kí ló dé tí a máa torí rẹ̀ yan ọkọ̀? Ìdáhùn mi kò gùn. Ẹni tó gba ajá sílé ti gba ẹrù rẹ̀. Bí ajá bá ń ni yín lára láti gbé, ẹ kò ní máa gbé e jáde. Díẹ̀díẹ̀, ó máa di ajá inú ilé, tí kì í sáré, tí kì í rí dókítà àfi tó bá ti ṣàìsàn tán. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ yan ọkọ̀, ẹ mú ajá dání. Ẹ ṣí búùtù. Ẹ wò bóyá á wọlé fúnra rẹ̀, bóyá á lè yí padà, bóyá á dùbúlẹ̀. Bí ẹni tó ń ta ọkọ̀ bá ní ajá kò gbọdọ̀ dé inú rẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.