Irin Àtijọ́ Kì Í Gbé Ohun Gbogbo

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ìbà, ẹ̀yin oníṣòwò Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, ọ̀rọ̀ kan ti di àdúrà lẹ́nu wa: "Irin àtijọ́ le ju tòní lọ. Ọkọ̀ tó bá ti kọṣẹ́, gé òrùlé rẹ̀ dànù, so ó mọ́ katakata, yóò gbé ẹ̀gẹ́ dé ibi tó bá wù ọ́." Irọ́ ni, irọ́ tó sì lè pa èèyàn lójú títì.

Mo mọ ibi tó ti ṣẹ̀. Nígbà tí Bedford ń wọlé, àwọn káfíńtà wa ló ń kan pátákó lé ṣáásì rẹ̀ lórí, tó fi ń di bọ̀lẹ̀kájà. Bí pátákó náà bá jẹrà, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á kan òmíràn, ọkọ̀ kò ní mì, torí irin gbọọrọ méjì tó nípọn, tí irin ìdábùú so pọ̀, ló ru gbogbo ẹrù. Àwọn bàbá wa kò purọ́ nípa Bedford. Àwa la mú òtítọ́ Bedford lọ lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ tí kò jọ ọ́.

Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná lọ́dún 1975 kò ní irú ṣáásì bẹ́ẹ̀. Volkswagen tí a fi ṣe dánfó kò ní in. Òrùlé, ẹ̀gbẹ́ àti ilẹ̀ tí wọ́n jó pọ̀ ni egungun wọn. Ẹni tó gé òrùlé kúrò ti ṣẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Ti caravan, ilé onítáyà tí wọ́n ń fà kiri, ló burú jù. Irin abẹ́ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ògiri ló ń bá a dúró. Ibùsùn àti àga ni wọ́n ṣe é fún. Ogún àpò sìmẹ́ǹtì péré ti tó 1,000 kílò!

Ẹ ó ní èyí tí ẹnì kan ṣe lọ́jọ́sí ṣì ń ṣiṣẹ́. Irin kì í kígbe kó tó ya. Ojú ibi tí wọ́n jó ló ti ń sán, ọ̀dà á sì bò ó mọ́lẹ̀.

Mi ò ní kẹ́ ẹ ta caravan àtijọ́ fún oní-kóńdẹ̀mù o. Iṣẹ́ ńlá wà lára rẹ̀ fún ẹni tó bá ṣe é bó ṣe yẹ. Ẹ ṣí ilẹ̀ rẹ̀, ẹ fi òòlù kan irin ibi tómi ń dúró sí, ẹ gé èyí tí ìpẹtà ti jẹ. Kí ẹni tó ń jórin fi irin tuntun kún un lóòró àti níbùú kó tó tẹ́ pákó. Tẹ́ ẹ bá ń kó ẹrù, kí èyí tó pọ̀ jù wà síwájú táyà díẹ̀, kí nǹkan bí ìdá mẹ́wàá ìwúwo rẹ̀ tẹ ibi tí wọ́n so ó mọ́. Bí ẹ̀yìn bá wúwo jù, á máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún lórí eré, bíréèkì ọkọ̀ iwájú ò ní ká a. Iná ẹ̀yìn náà ò gbọdọ̀ ṣàìsí.

Irin tẹ́ ẹ fi kún un kò sọ ọ̀pá táyà di alágbára o. Ti ibùsùn àti àga ló ṣì jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi kó sìmẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ ra ọ̀pá àti táyà tó lè gbé e, kó tó san kọ́bọ̀ fún ẹni tó ń jórin.