Ta Ni Yóò Bu Omi fún Àgbà Ìjemò?

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Bí ọmọ òkété bá wá ré òkun kọjá ńkọ́?

Ẹ wọ àwọn agboolé àtijọ́ ní Ìjemò, ní Abẹ́òkúta, lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́. Páànù ti dípẹtà, yàrá tí èrò kún tẹ́lẹ̀ ti di títì pa, ìyá arúgbó kan ló jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń ṣọ́ kọ́kọ́rọ́. Ọmọ kan wà ní Èkó, èkejì wà nílùú Ọba, ẹ̀kẹta ń wá físà.

Àwọn kan yóò ní: ṣebí ọ̀dọ́ kún Nàìjíríà fọ́fọ́? Òótọ́ ni. A kì í ṣe Jàpáànù, níbi tí nǹkan bí ẹni mẹ́ta nínú mẹ́wàá ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tó kún Lẹ́kí kò lè bu omi fún àgbà tó wà ní Ìjemò. Orílẹ̀-èdè lè máa pọ̀ sí i kí agboolé máa tán lọ.

Èyí tó dùn mí jù ni pé arúgbó ẹlòmíràn ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń lọ tọ́jú. Lóṣù kejì ọdún 2022, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣílẹ̀kùn físà fún àwọn olùtọ́jú arúgbó. Lóṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n ní àwọn tó ń bọ̀ kò gbọdọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Lóṣù keje ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn tuntun láti òkè òkun. Ire tiwọn ni wọ́n ń wá; n kò dá wọn lẹ́bi. Àwa tí a kò ro ti àgbà wa ni mo ń bá wí.

Ìjemò kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 1914, nígbà tí àgbàlagbà kan, Pọ́nládé, kú sí àtìmọ́lé ìjọba Ẹ̀gbá, Ìjemò dìde. Lóṣù kẹjọ, àwọn ọmọ ogun ìjọba amúnisìn yìnbọn lù wọ́n. Olúwo Ìjemò wà lára àwọn tó kú. Ikú àgbà kan mi Ẹ̀gbá tìtì. Lónìí, àgbà ń dákú nínú yàrá, aládùúgbò kò gbọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má fi owó tí ọmọ ń fi ránṣẹ́ tù wá nínú. Owó ń ra oògùn, kò lè gbé arúgbó dìde lóru. Ẹni tí kò bẹ ìyá rẹ̀ wò láàyè, kí ló fẹ́ fi màlúù ìsìnkú ṣe?

Ọdún 2006 ni ìjọba ka àwa ọmọ Nàìjíríà kẹ́yìn. Kí ìjọba ìbílẹ̀ ka àwọn àgbà tó ń dá gbé, láti agboolé dé agboolé, kí nọ́ọ̀sì sì máa yà kí wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹ yọ nínú owó aṣọ ẹbí, kí ẹ fi gba ọ̀dọ́ àdúgbò síṣẹ́ ìtọ́jú wọn.

Ọ̀dọ́ òní ni arúgbó ọ̀la. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ń dúró de àwa náà.