Èèpo ẹ̀gẹ́ Òkè-Ògùn: ta ló máa ni ín lọ́jọ́ tó bá di owó?

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Ṣakí rí á mọ ohun tí mò ń sọ: òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn ìyá ti ń ṣe gàrí. Ewúrẹ́ jẹ díẹ̀, oòrùn gbẹ díẹ̀, ìyókù ń jẹrà, òjò á wá gbá omi rẹ̀ tòun ti májèlé lọ sódò. Nínú àpò ẹ̀gẹ́ márùn-ún, èèpo lè kó odidi àpò kan. Nàìjíríà ló sì ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lọ láyé, ẹ wá ṣírò iye tá à ń dà nù.

Ṣé ẹ mọ nǹkan dúdú tó máa ń hù lára àlùbọ́sà tó ń bàjẹ́, tí ìyá yín á bó dànù kó tó ge ìyókù sọ́bẹ̀? Aspergillus niger lorúkọ ẹ̀. Fungus ni, ìbátan olú. Fún un ní ṣúgà àti atẹ́gùn tó tó, á sọ ṣúgà náà di citric acid, ohun tó ń jẹ́ kí mínírà kan lẹ́nu, tó tún ń wọ inú oògùn àti ọṣẹ. Inú lẹ́mọ́ọ̀nù ni wọ́n ti ń fún un tẹ́lẹ̀, Ítálì ló sì ni ọjà. Ní 1917 ni James Currie tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí fungus yìí jáde ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó fi máa di 1919, Pfizer ti ń fi í ṣe citric acid ní Brooklyn. Lónìí, Ṣáínà ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù, àwa ń rà á wọlé.

Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé a ò mọ̀ ọ́n ṣe o. Ní 2002, àwọn onímọ̀ FUTA l'Ákùrẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde pé fungus yìí kan náà ń fi kún purotéènì inú gàrí àti ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́. Ní 2010, àwọn ti FUNAAB l'Abẹ́òkúta fi pàǹtí ọ̀pẹ̀-òyìnbó ṣe citric acid.

Ilé iṣẹ́ ńkọ́? Ẹ lọ sí Adó-Àwáyè, níjọba ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ni Psaltry ń ṣe níbẹ̀, kí wọ́n tó ṣí ilé iṣẹ́ sorbitol ní 2022, nǹkan dídùn tó ń wà nínú ọṣẹ ìfọyín. Fungus kọ́ ló ń ṣe sorbitol, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n àárín oko ni wọ́n wà, kì í ṣe Ìkẹjà.

Lójú tèmi, citric acid kọ́ ló yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀. Kó tó lè bá ti Ṣáínà du ọjà, ó fẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá àti iná tí kì í lọ. Oúnjẹ ẹran ló yá jù. Fungus náà lè hù lórí èèpo tútù nínú àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, kí purotéènì rẹ̀ sì lọ sókè. Irú èyí tí yàrá ìwádìí ti yẹ̀ wò ni mò ń wí o, kì í ṣe èyí tó kàn hù fúnra ẹ̀. Kódà láìsí fungus, ILRI tó wà nínú ọgbà IITA n'Ìbàdàn ti fi hàn pé téèyàn bá rin èèpo, tó fún un, tó sì gbẹ ẹ́, oúnjẹ ẹran tó ṣeé tà ni.

Ibi tó ń kọ mí lóminú nìyí. Lónìí, kò sẹ́ni tó ń du èèpo. Ọjọ́ tó bá di owó, onílẹ̀ á ní tòun ni, ẹni tó ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ á ní tòun ni, káńsù á gbé tíkẹ́ẹ̀tì dé. Ìyá tó jókòó bó o láti àárọ̀ lọwọ́ ẹ̀ máa ṣófo.

Òfin ìpìlẹ̀ 1999, nínú Àfikún Kẹrin, gbé ọ̀rọ̀ pàǹtí lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti sọ ní 11 Oṣù Keje 2024 pé kí owó wọn máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ló wà l'Ókè-Ògùn, èyíkéyìí nínú wọn ló lè ṣòfin tí kò ju ojú ìwé kan lọ: ẹni tó bó èèpo ló ni ín títí tó fi tà á, orí ìwọ̀n ni wọ́n á sì ti rà á, kì í ṣe ojú wíwò. Ẹ bi káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín léèrè rẹ̀ báyìí, kí ọkọ̀ oníbàárà àkọ́kọ́ tó dé.