Nintendo àti Sega: Ẹ̀kọ́ Tí Ilẹ̀ Brazil Kọ́ Wa

Ní ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 1983, ní ilẹ̀ Japan, ilé iṣẹ́ méjì gbé ẹ̀rọ eré orí amóhùnmáwòrán jáde ní ọjọ́ kan náà. Nintendo ti ìlú Kyoto, tí ó ti ń ṣe káàdì títa láti ọdún 1889, gbé Famicom jáde. Sega sì gbé SG-1000 tirẹ̀ jáde. Láti ìgbà náà ni àwọn méjèèjì ti di orogún, títí di òní olónìí sì ni àwọn tí ó dàgbà sí ìdí ẹ̀rọ wọ̀nyí ń jiyàn pé èwo ni ipa rẹ̀ pẹ́ jù. Àwa náà ní ohun tí a fẹ́ wí sí i, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí a ń kọ́ ọmọ ju bí ènìyàn ti lè rò lọ.

Bí ó bá jẹ́ ti iye ọjà tí a tà ni, Nintendo ni ó borí. Famicom àti irú rẹ̀ tí wọ́n tà ní òkèèrè lé ní mílíọ̀nù 61. Bọ́tìnnì tí ó rí bí àgbélébùú, èyí tí Gunpei Yokoi ṣe fún Nintendo ní ọdún 1982, ni àtàǹpàkò òsì àwọn ọmọ ṣì ń tẹ̀ títí di òní. Sega jagun, ó sì gbìyànjú. Ẹ̀rọ Mega Drive rẹ̀ ti ọdún 1988 àti Sonic ti ọdún 1991 mì Nintendo tìtì ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2001 Sega jáwọ́ nínú ṣíṣe ẹ̀rọ, Sonic fúnra rẹ̀ sì di àlejò nínú ẹ̀rọ Nintendo.

Ǹjẹ́ ẹjọ́ ha ti tán bí? Rárá o. Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Brazil. Ní ọdún 1989, Tectoy, ilé iṣẹ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ náà, bẹ̀rẹ̀ sí ta Master System ti Sega. Kò tà á lásán. Ní ọdún 1991, ó túmọ̀ eré Phantasy Star sí èdè Potogí. Ó tún mú eré mìíràn, ó yọ akọni àjèjì inú rẹ̀ kúrò, ó sì fi Mônica rọ́pò rẹ̀, ọmọbìnrin inú ìwé àwòrán Maurício de Sousa tí gbogbo ọmọ Brazil mọ̀. Nígbà tí àwọn ará Japan ti gbàgbé ẹ̀rọ náà, ó ṣì ń tà ní Brazil wọ inú ọ̀rúndún tí a wà yìí.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé owó orí ńlá tí ìjọba Brazil ń gbà lórí ọjà òkèèrè ni ó ràn án lọ́wọ́, àti pé Nintendo kò fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀ títí di ọdún 1993. Òtítọ́ ni, ẹni tí ó bá tètè dé odò ni í pọn omi tí ó tòrò. Ṣùgbọ́n owó orí lè lé orogún kúrò lọ́jà; kò lè mú kí ọmọdé fẹ́ràn ohun kan. Èdè ìyá rẹ̀ àti ojú tí ó mọ̀ ni ó ń ṣe ìyẹn.

Àwọn ọmọ tiwa ńkọ́? Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni irú eré bẹ́ẹ̀ fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. A kò bá àwọn ará Kyoto wí. Kì í ṣe iṣẹ́ wọn láti gbé èdè wa ró. Ẹ̀yin olùkọ́, pípariwo pé eré ń ba ọmọ jẹ́ kò tó. Tectoy kò dúró di ìgbà tí yóò hùmọ̀ ẹ̀rọ tuntun; ọ̀rọ̀ àti akọni ni ó pààrọ̀. Àwa ní àlọ́ Ìjàpá, a ní ayò ọlọ́pọ́n, a sì ní àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dunjú. Ohun tí ó kù ni kí olùkọ́ tí ó gbọ́ èdè jókòó ti ọ̀dọ́ tí ó mọ ẹ̀rọ, kí wọ́n sì fi àlọ́ kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí a kò bá fi èdè wa sí ibi tí àwọn ọmọ wa ti ń ṣeré, kí a má ṣe yà ẹnu bí wọn kò bá bá a dàgbà.