Ọlọ́wẹ̀ Ará Ìsẹ̀, àti Àwọn Tí A Kò Bèèrè Orúkọ Wọn

Ẹ̀yin olóyè àti ẹ̀yin ọmọ ìlú, bí a bá ní kí ọ̀dọ́ kan tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ dárúkọ òyìnbó tí ó ń fi ọ̀dà ya òkè àti odò láàárín ọdún 1800 sí 1900, yóò pe Turner tàbí Constable kíákíá. Ṣùgbọ́n bí a bá bèèrè gbẹ́nàgbẹ́nà Yorùbá kan tí a bí láàárín ọdún wọ̀nyẹn, yóò máa wojú wa.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé kò sí. Ní nǹkan bí ọdún 1873 ni a bí Ọlọ́wẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n-Alááyè, ìlú tí òkìkí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà rẹ̀ kàn jákèjádò Èkìtì. Ó ṣí lọ sí Ìsẹ̀, ó di ìránṣẹ́ Arínjalẹ̀, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì ti gbé e ga. Láti 1910 dé 1914 ó ń gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn ní ààfin Ọgọ̀gà ti Ìkẹ́rẹ́. Lára ilẹ̀kùn kan ni ó gbẹ́ ọjọ́ tí Captain Ambrose, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, wá kí ọba: Ọgọ̀gà jókòó, aya rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, àwọn aláàárù sì ru àlejò náà bọ̀. Àwọn ère náà yọ jáde lára pákó bí ẹni tí ó fẹ́ rìn. Ní 1924 a gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí àfihàn ńlá Wembley. British Museum fẹ́ ẹ, Ọgọ̀gà sì gba àga ìtẹ́ tí a kàn ní ìlú òyìnbó dípò rẹ̀. (Àga fún ìtàn ìlú! Ṣùgbọ́n ohun ààfin ni, a kò ní dá ọba lẹ́jọ́.)

Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938. Ní 1988, lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, John Pemberton ará Amẹ́ríkà gbọ́ oríkì rẹ̀ lẹ́nu Olójú-Ìfun, ọ̀kan nínú àwọn aya rẹ̀. Bí ìyá náà bá ti ṣáájú lọ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọnà wa wà ní òkè òkun tí a kò kọ orúkọ kankan sí lára; àwọn tí ó kó wọn lọ kò bèèrè, àwọn tí ó kó wọn sílẹ̀ kò sì sọ.

Ní Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò níhìn-ín, ilé àtijọ́ ń wó, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń dìde. Ẹni tí òpó, ilẹ̀kùn, ìlù tàbí ère ìbejì bá kù ní agbo ilé rẹ̀, kí ó tọ ìyá àgbà ibẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ yìí, kí ó bèèrè ẹni tí ó gbẹ́ ẹ, ọmọ ta ni, ìlú wo ni ó ti wá. Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì mú un wá fún akọ̀wé ẹgbẹ́ kí oníṣòwò ère tó kan ìlẹ̀kùn.