Itọ́ Ẹnì Kan, Ọ̀ràn Gbogbo Ẹbí

Ìyìn tí òǹkàwé sábà máa ń fún ìwé atọ́nà lórí fífi DNA wá orírun ni pé ó rọrùn: tutọ́ sínú ìgò, fi ránṣẹ́, kí o máa retí ìbátan. Èmi kò bá wọn yìn ín. Ìwé tí ó kọ́ni ní ìtutọ́, tí kò sọ ẹni tí yóò tọ́jú itọ́ náà, ààbọ̀ ẹ̀kọ́ ni ó kọ́ni.

Ẹ wo ilé-iṣẹ́ 23andMe ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2023, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì jí ìsọfúnni nípa orírun àti ìbátan nǹkan bí mílíọ̀nù 6.9 ènìyàn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, gbèsè lé ilé-iṣẹ́ náà dé ilé-ẹjọ́. Ìsọfúnni DNA àwọn oníbàárà sì di ara ẹrù tí a pàtẹ fún títà.

A lè pààrọ̀ nọ́ńbà àṣírí káàdì báǹkì. Ta ni yóò pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀? Ìdajì DNA ọmọ ti ọ̀dọ̀ bàbá wá, ìdajì ti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹni tí ó tutọ́ ti tu àṣírí wọn mọ́ ọn.

A kì í tutọ́ sílẹ̀ kí a tún kó o lá. Kí ẹbí kọ́kọ́ jókòó sọ ọ́, kí a tó ṣí ìgò.